Lẹ́yìn ìmòòkùn, ṣé ó yẹ ká wọ inú omi gbígbóná? Ẹ sọ ìrírí yín

Ará Leicester
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ Iceland ni mo ti mòòkùn, ní Silfra, ihò tóóró inú ọgbà Þingvellir, níbi tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù ti ń ya kúrò lára ara wọn. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara, ṣùgbọ́n dígírì 2 sí 4 péré ni. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ la wọ̀, síbẹ̀ ètè mi gan, ìka mi kú tipiri. Bí a ṣe jáde ni àwọn tí a jọ lọ ń pariwo adágún gbígbóná. Ìlú yẹn kún fún wọn, púpọ̀ sì tó dígírì 38. Obìnrin tó ṣamọ̀nà wa ló ní ká ṣe sùúrù: ká nu ara gbẹ, ká wọ aṣọ òtútù, ká mu tíì, ká jẹun, kí adágún di alẹ́.

Mo bi í nídìí. Ó ní bí a bá ti wà lábẹ́ omi, nitrogen inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú máa ń yọ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara, torí pé gbogbo mítà 10 ló ń fi ìwọ̀n afẹ́fẹ́ òkè ilẹ̀ kan kún agbára tó ń tẹ̀ wá. Bí a bá gòkè, ẹ̀dọ̀fóró ló yẹ kó gbà jáde díẹ̀díẹ̀. Omi gbígbóná a wá mú awọ ara gbóná kíá, kí ẹ̀jẹ̀ tó ráyè kó nitrogen ibẹ̀ lọ; nitrogen yẹn a wá di èéfó nínú ara, ìyẹn ló ń fa àìsàn òmòòkùn tí wọ́n ń pè ní decompression sickness. Ẹ wo ẹlẹ́rìndòdò tó ti gbóná, bó ṣe ń ru nígbà tí wọ́n bá ṣí i!

Silfra ò jìn, ewu tiwa kéré. Kíni ẹ̀yin rí?

Òṣìṣẹ́ Escravos
Àbúrò, amọ̀nà yín mọṣẹ́. Níbi tí a ti ń ṣiṣẹ́ páìpù epo, òtútù kọ́ ló ń gbé èèyàn lọ sínú omi gbígbóná, ìrora ni. Ẹnìkan wa gòkè, èjìká ń ro ó. Ó ní sípánà tí òun ń fà ni, ó fi Robb pa á, ó lọ fi omi gbígbóná jó o. Kò pẹ́ tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, tí apá rẹ̀ ń ṣe tótòtó bí ẹni tí wọ́n nà. Ọ̀gá wa wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó fi ọ́síjìn bò ó nímú, ó di inú chamber, yàrá tí wọ́n ti ń fi afẹ́fẹ́ tẹ èèyàn kí nitrogen lè jáde díẹ̀díẹ̀. N ò ní búra pé omi gbígbóná ló fà á, torí ìrora ti wà tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi àkókò ṣòfò, ìyẹn ni mo rí.

Ẹ rántí Harrison Okene, alásè ọkọ̀ Jascon-4 tó rì ní 2013. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọjọ́ mẹ́ta nínú afẹ́fẹ́ tó há mọ́ ọkọ̀ ní nǹkan bíi mítà 30. Kò gbé sílíńdà kankan kọ́rùn, síbẹ̀ wọn ò lè kàn fà á sókè. Inú chamber ló ti lo ọjọ́ bíi méjì.

Ìyá Houston
Tèmi yàtọ̀. Ẹja lionfish, ẹja ẹlẹ́gùn-ún olóró, ló gún mi lọ́wọ́ ní Cozumel ní Mexico, omi gbígbóná sì ni oògùn rẹ̀! Kó má ju dígírì 45 lọ, fún ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ọwọ́ nìkan ni mo rì, kì í ṣe gbogbo ara. Ẹ má sì rò pé ooru ni ọ̀tá: ìwádìí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ní 2007 fi hàn pé ẹni tí ara rẹ̀ móoru nígbà tó ń gòkè bọ́ lọ́wọ́ àìsàn òmòòkùn yìí ju ẹni tí òtútù ń mú lọ. Ìgbóná òjijì lẹ́yìn òtútù ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún.

Ará Leicester
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ̀gbọ́n, ṣáwà lásán ńkọ́?

Òṣìṣẹ́ Escravos
Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, wẹ̀ ẹ́. Jákúsì, adágún kékeré olómi gbígbóná, ni kó o fi sílẹ̀, pàápàá bó o bá jìn tàbí pẹ́ nísàlẹ̀. Bí oríkèé kan bá sì ń ro ọ́, má wẹ̀ rárá, ọ́síjìn ni kó o béèrè.