Agbálùmọ̀ àti máńgòrò mi inú ilé ń kú lọ, ṣé kí n tún pààrọ̀ ìkòkò wọn ni?

OmoIjebuPeckham
Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú ojúmọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ọ̀rọ̀ igi ni mo bá wá. Bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn mo ra agbálùmọ̀ ní Rye Lane, ní Peckham ní London níbí, a jẹ ẹ́ tán, èmi àti ọmọ mi obìnrin bá ri kóró ẹ̀ márùn-ún lọ́jọ́ yẹn gan-an kó má baà gbẹ, méjì hù, ọ̀kan ló ṣẹ́ kù báyìí. Máńgòrò kan náà wà níbẹ̀, òun ti ga tó èjìká ọmọ náà. Igi agbálùmọ̀ kan wà níwájú ilé bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà tí mo wà ní kékeré, abẹ́ ẹ̀ la ti ń ṣeré, wọ́n ti gé e, ìdí nìyẹn tí eléyìí fi jẹ mí lógún tó bẹ́ẹ̀.

Láti oṣù kẹwàá ni ṣóńṣó ewé máńgòrò ti ń gbẹ, bí ìgbà tí iná rà á. Ti agbálùmọ̀, ewé ìsàlẹ̀ ń di pupa rúsúrúsú ó sì ń já bọ́. Mo ní ìkòkò ló kéré jù, ni mo bá ra ìkòkò ràgàjì kan, alámọ̀, aláwọ̀ búlúù, mo gbin àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ẹ̀, mo wá ń bomi rin wọ́n lójoojúmọ́ kí wọ́n lè ta gbòǹgbò. Ó tún wá burú sí i! Kantíkantí dúdú ń fò lórí yẹ̀pẹ̀ ẹ̀, òórùn kan sì ń jáde níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n wà, hítà wà lábẹ́ fèrèsé yẹn. Ṣé kí n wá ìkòkò tó tún tóbi jùyẹn lọ ni àbí ajílẹ̀ ni kí n fi sí i?

IyaElewe
Àbúrò mi pẹ̀lẹ́ o. Jọ̀ọ́ má tíì fi ajílẹ̀ kankan sí i. Ìkòkò búlúù yẹn, ṣé ihò wà nídìí ẹ̀?

OmoIjebuPeckham
Kò ní ihò ma. Àmọ́ mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ kí omi lè rí ibi jókòó sí.

IyaElewe
Háà, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti wọlé. Òkúta ìsàlẹ̀ ìkòkò kì í ran omi lọ́wọ́ láti jáde o, ṣe ló máa ń jẹ́ kí omi dúró lókè, níbi tó sún mọ́ gbòǹgbò. Gbòǹgbò náà ń mí bíi tiwa, tí omi bá ti kún gbogbo inú yẹ̀pẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, tó bá sì ti rà kò lè fa omi mọ́, ewé á wá rọ bíi ti igi tí òǹgbẹ ń gbẹ, ìwọ náà á tún sáré bomi sí i. Ìkòkò ràgàjì tún dá kún un, yẹ̀pẹ̀ pọ̀ ju ohun tí gbòǹgbò kékeré lè fa omi ẹ̀ tán lọ.

Tú wọn jáde lónìí. Rọra o, má fa ìtì ẹ̀. Gbòǹgbò tó dáa máa ń le, á funfun tàbí kó dà bí àwọ̀ igi. Èyí tó bá dúdú, tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀, tí awọ ẹ̀ ń bó lọ́wọ́ ẹ, gé e dànù, sísọ́ọ̀sì tó mọ́ ni kó o lò. Ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Ìkòkò ike oníhò ni kó o rà, kó má fi ju bí ìka méjì lọ fẹ̀ ju ìdì gbòǹgbò lọ, ti máńgòrò kó jìn díẹ̀ torí gbòǹgbò ẹ̀ máa ń lọ tààrà sísàlẹ̀. Ohun tí wàá pò pọ̀ nìyí: kọ́ńpóósì (yẹ̀pẹ̀ inú àpò tí wọ́n ń tà fún gbígbin nǹkan) abọ́ mẹ́ta, perlite (òkúta funfun wẹ́wẹ́ tó fúyẹ́) abọ́ kan, èèpo igi tí wọ́n ń tà fún òdòdó orchid abọ́ kan. Má rì í jìn ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bomi sí i lẹ́ẹ̀kan kó ṣàn jáde nídìí, ó di ìgbà tó o bá ki ìka bọ yẹ̀pẹ̀ dé oríkèé kejì tó gbẹ kó o tó tún bomi. Ìkòkò búlúù ò ṣòfò, gbé ìkòkò ike sínú ẹ̀, ṣáà máa da omi ìsàlẹ̀ nù.

BabaMangoro
Ẹ kú iṣẹ́ ma. Òótọ́ lẹ sọ ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi kún un. Oṣù kejìlá la wà yìí, bíi wákàtí 8 péré ni ojúmọ́ ní London, igi ilẹ̀ gbígbóná kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà lásìkò yìí. Èyí tí gbòǹgbò ẹ̀ bá ti ń rà, kó ṣí i lónìí, kò gbọdọ̀ dúró. Èyí tí tiẹ̀ bá dáa, kó má fọ yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ o, kó gbé e pẹ̀lú yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ sínú ìkòkò oníhò, kó fi pípààrọ̀ gidi sí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Mo ti pa ìbẹ́pẹ báyẹn rí, mo fọ gbòǹgbò ẹ̀ mọ́ tónítóní nínú òtútù oṣù kìíní, kò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi dojú bolẹ̀, ó dùn mí gan-an torí ó ti ga dé àyà mi. Ìbẹ́pẹ ò fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan gbòǹgbò òun rárá.

Hítà yẹn náà, gbé wọn kúrò lórí ẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń jó ewé. Ra iná LED tí wọ́n ń tà fún ewéko, tàn án fún wákàtí 12 lóòjọ́. Omi ẹ̀rọ London tún nìyẹn, ẹ wo nǹkan funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù yín, ó ń kó jọ sínú yẹ̀pẹ̀ náà ni. Àwa ní Manchester, láti Lake District lomi wa ti ń wá, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síta kẹ́ ẹ máa gbe omi òjò. Kantíkantí yẹn, yẹ̀pẹ̀ tútù ló bí wọn, tí òkè ẹ̀ bá gbẹ wọ́n á lọ.

OmoIjebuPeckham
Ẹ̀yin méjèèjì, Ọlọ́run á ṣe é fún yín. Mo tú wọn lálẹ́ àná. Gbòǹgbò máńgòrò dáa, mi ò fọ̀ ọ́, mo gbé e bó ṣe wà. Ti agbálùmọ̀ ni ẹkún, ó ju ìdajì lọ tó ti dúdú, mo gé gé gé, èyí tó kù ò kún ọwọ́ ọmọ mi. Mo ti gbìn ín sínú ìkòkò kékeré, mo fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó lókè kí ewé má baà gbẹ. Ìgbà wo ni mo lè fún un ní ajílẹ̀?

IyaElewe
Tó bá yọ ewé tuntun. Kó tó dìgbà yẹn, ajílẹ̀ máa jó gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jiná. Máa ṣí ọ̀rá yẹn díẹ̀ lójoojúmọ́ kí atẹ́gùn wọlé.

BabaMangoro
Tí ẹ bá sì fẹ́ gbé wọn síta nínú oṣù kẹfà, abẹ́ ibòòji ni kí wọ́n kọ́kọ́ wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, oòrùn òjijì ń jó ewé tó ti mọ́ inú ilé lára. Ẹ wá sọ fún wa bó bá ṣe rí.

OmoIjebuPeckham
Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Máńgòrò ò já ewé mọ́. Agbálùmọ̀ ku ewé mẹ́rin, kò tíì yọ tuntun, ṣùgbọ́n wọ́n le, tí mo bá yí wọn padà, ẹ̀yìn wọn ṣì ń dán bíi fàdákà. Ọmọ mi lẹ bébà mọ́ ìkòkò ẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí dádì má bomi sí i.