Ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ l'Ékòó, iṣẹ́ wo lẹ gbé lé AI lọ́wọ́?

Ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí ChatGPT, AI tó ń dáhùn ìbéèrè, ti jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni àwọn ọ̀gá ti ń bi ara wọn pé AI wo ni ká rà. Ìyẹn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kí ọ̀gá kọ́kọ́ bèèrè ni pé bí nǹkan yìí bá ṣàṣìṣe, ta ni yóò rí i kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù?

Ẹ fi ọjọ́ márùn-ún kọ gbogbo iṣẹ́ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ń ṣe láṣetúnṣe, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó ń gbà wọ́n. Níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà ní páálí páálí, “eélòó ni páálí kan?” lórí WhatsApp ló sábà máa ń jẹ àkókò jù. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tíì dé ibi owó.

Ìwé iye ọjà tí ẹ máa gbé fún AI gbọ́dọ̀ ní orúkọ ọjà, ìwọ̀n, iye páálí, iye ẹyọ kan, àti ọjọ́ tí iye náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn máa ń fò. Dọ́là á gbéra láàárọ̀, ọjà á ti fowó lé, AI á ṣì máa sọ iye àná, oníbàárà á sì ti sanwó kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìlànà tẹ́ ẹ fún un pé ọjà tí kò bá sí nínú ìwé, kó ní “ẹ jẹ́ kí n bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù.” Kò gbọdọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ dá iye lé nǹkan kan.

Kó tó bá oníbàárà kankan sọ̀rọ̀, ẹ kó ìbéèrè àtijọ́ 50 jáde nínú WhatsApp yín, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, títí kan Yorùbá tí kò ní àmì àti Pidgin. Ẹ fi 10 tó jẹ́ ti ọjà tí ẹ kò tà rí kún un. Bó bá dá iye lé ẹyọ kan péré nínú mẹ́wàá yẹn, kò tíì tó jáde. Ẹnu rẹ̀, ẹnu yín ni. Ní Kánádà lọ́dún 2022, chatbot (ẹ̀rọ tó ń dá oníbàárà lóhùn) ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú Air Canada ṣi èrò ọkọ̀ kan lọ́nà lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń lọ síbi òkú. Ilé iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ ẹnu chatbot kò kan àwọn. Lọ́dún 2024, ilé ìgbẹ́jọ́ ní kí wọ́n sanwó.

Ọmọ Yábàá

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ti iye ọjà. Ti ohùn ló kù.

Àwọn ìyá tó ń rajà kì í tẹ̀wé, ohùn ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, bí wọ́n bá sì fẹ́ pe owó, “ẹgbàajì” ni wọ́n máa wí, “ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n” ni wọ́n máa wí. ₦4,000 ni ti àkọ́kọ́, ₦5,000 ni ìkejì. Ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ìwé lè gbọ́ “ẹgbàajì” bí “ẹgbàá” kó kọ ₦2,000, ojú ò sì ní tì í. “Igba” àti “ìgbà” náà ń dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀nà àbáyọ kò le: kó kọ iye náà padà ní nọ́ńbà, “₦4,000 lẹ wí, àbí?”, kó dúró de “bẹ́ẹ̀ ni” kí ohunkóhun tó wọ ìwé gbèsè.

Ẹ tún mọ̀ pé AI máa ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ kó tó kà á, ó sì máa ń gé Yorùbá olámì sí wẹ́wẹ́ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ, wẹ́wẹ́ yẹn ni wọ́n sì ń ka owó lé lórí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá yín gan-an ṣírò ìnáwó kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu àdéhùn kankan. Bẹ́ ẹ bá sì ń lo WhatsApp API (ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún ilé iṣẹ́), lẹ́yìn wákàtí 24 tí oníbàárà ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ti fọwọ́ sí ṣáájú nìkan lẹ lè fi ránṣẹ́.

Amòfin Marina

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lọ́dún 2023, àwọn òṣìṣẹ́ Samsung kan lẹ kóòdù ètò kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wọn mọ́ inú ChatGPT, ni Samsung bá fòfin dè é. Òfin dídè nìkan kì í ṣiṣẹ́ l'Ékòó níbí o. Ọmọ iṣẹ́ á kàn máa lò ó lórí fóònù ara rẹ̀ nínú mọ́tò. Ẹ ra àkáùńtì kan fún ilé iṣẹ́, ẹ pa ètò tó ń jẹ́ kí AI fi ọ̀rọ̀ yín kọ́ ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ sì lẹ ìwé kan mọ́ ògiri: BVN, NIN, nọ́ńbà fóònù àti orúkọ oníbàárà kò gbọdọ̀ wọbẹ̀. Ẹ fi K1, K2 rọ́pò orúkọ.

Òfin ààbò dátà ọdún 2023 ti wà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì, bó bá rú u, lè san owó ìtanràn tó tó ₦10 mílíọ̀nù tàbí ìpín 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù. Bí dátà bá jò tó sì lè pa ẹni tó ni ín lára, láàárín wákàtí 72 lẹ ní láti sọ fún NDPC, àjọ tó ń rí sí ààbò dátà ní Nàìjíríà. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ nìkan ló ní kẹ́ ẹ má ta àwìn fún ẹnì kan, ẹni náà lè ní kí èèyàn ẹlẹ́ran ara tún un wò.

Akáùńtì Àpápá

Owó ni tèmi. Lọ́dún 2024 ni ayé gbọ́ pé òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì Arup, ilé iṣẹ́ ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Hong Kong fi nǹkan bí HK$200 mílíọ̀nù ránṣẹ́ sí àwọn gbájúẹ̀. Ìmeèlì wọn ti kọ́kọ́ fu ú lára. Ìpàdé orí fídíò, tí ayédèrú ojú àti ohùn ọ̀gá rẹ̀ tí wọ́n fi AI ṣe wà níbẹ̀, ló mú un gbà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní nọ́ńbà bánkì ti yí padà, kódà kó jẹ́ ohùn ọ̀gá àgbà, ẹ pe nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yín tẹ́lẹ̀, ẹ má pe èyí tó wá pẹ̀lú iṣẹ́ náà. Ẹni méjì ni kó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀yin tó ń kó ẹrù wọlé, ẹ ṣọ́ra fún HS code, nọ́ńbà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá irú ẹrù mọ̀. Nọ́ńbà 6 àkọ́kọ́ ni gbogbo ayé jọ ń lò. 4 tó kù, ti ECOWAS, ni AI tètè máa ń fi ìgboyà ṣì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìwé owó orí Kọ́sítọ́ọ̀mù.

Ọlọ́jà Ìdúmọ̀tà

Ta wá ni kó máa yẹ iṣẹ́ AI wò? Ọmọ tuntun tó mọ kọ̀ǹpútà?

Akáùńtì Àpápá

Rárá o. Ẹni tó ti ń fọwọ́ ṣe iṣẹ́ náà tipẹ́ ni. Òun ló mọ ibi tó ti máa ń bàjẹ́. Ẹ ka ìṣẹ́jú tó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí iṣẹ́ bá ń gba ìṣẹ́jú 15 tẹ́lẹ̀, tí yíyẹ̀wò ń gba 12, ìṣẹ́jú 3 lẹ jèrè.