Bébà ọkàn Bàámi ti dé ọsibítù kí àwa tó dé

Ọmọ Tíṣà, Ìkọ̀lé

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ṣèlérí pé n óò sọ bí ọ̀rọ̀ Bàámi ṣe jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí àìsàn ọkàn tó kọlu Bàámi lójijì yìí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Aago mẹ́rin ìdájí ni. Bàámi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àárín àyà. Tíṣà ni wọ́n títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọn kì í ráhùn. Ìyẹn ló jẹ́ kẹ́rù bà mí nígbà tí wọ́n ní ó dà bíi pé ẹnì kan gbé odó lé àwọn láyà. Òógùn tútù bò wọ́n, síńgílẹ́ẹ̀tì wọn rin gbindin. Ìyá mi ní iyán tí wọ́n jẹ lálẹ́ ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Mo fún wọn lóògùn ọgbẹ́ inú, a wá ń wojú ara wa. Odidi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú la fi ṣòfò. Ìgbà tí wọ́n ní apá òsì ń wúwo, tó sì ń fà wọ́n dé párì, la tó gbéra.

Ilé ìwòsàn tá a kọ́kọ́ sáré lọ, n kò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ní ká ra káàdì ná. Wọ́n gún Bàámi lábẹ́rẹ́ ìrora, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ̀rọ ECG, èyí tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó, mo fojú mi rí i. Kò sẹ́ni tó ṣí aṣọ náà. Ó ń dùn mí di òní.

Àbúrò Ìyá mi ló pe awakọ̀ áńbúláǹsì kan tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì kan bá ọkọ̀ náà wá, ọmọdébìnrin ni, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó gbé Bàámi sínú ọkọ̀, ó fi tówẹ̀lì nu òógùn àyà wọn gbẹ, ó fi abẹ fá irun ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní bí àyà bá tutù tàbí tó kún fún irun, sítíkà ò ní lẹ̀, ìlà ọkàn á sì dàrú. Mẹ́wàá ni sítíkà náà: mẹ́fà láyà, ọ̀kọ̀ọ̀kan lápá méjèèjì àti lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ó ní, "Bàbá, ẹ má mira, ẹ má sọ̀rọ̀." Ẹ̀rọ náà kùn, bébà onílà wẹ́wẹ́ jáde bíi rìsíìtì.

Ó wò ó. Kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ yára. Ó kọ ọjọ́ orí Bàámi àti aago tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n sórí bébà náà, ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí Bíbélì Ìyá mi, ó yà á ní fótò, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí dókítà ọkàn ní ọsibítù ńlá tá à ń lọ. Ó bi Bàámi bóyá ara wọn kọ ásípírìnì, bóyá wọ́n ń sẹ̀jẹ̀ níbì kan. Wọ́n ní rárá. Ó fún wọn ní 300 mílígíráàmù, ó ní kí wọ́n rún un bí ẹni ń rún obì, kí wọ́n má kàn gbé e mì.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé fótò dé ọ̀dọ̀ dókítà. Máàkì WhatsApp kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. A ti ń sáré, n kò wo ọ̀nà, fóònù nọ́ọ̀sì ni mò ń wò. Bá a ṣe ń wọ Ọ̀yẹ́, máàkì di méjì, fóònù sì dún. Dókítà ní òun ti rí i, kí nọ́ọ̀sì tún ya òmíràn, ṣùgbọ́n kí awakọ̀ páàkì ná, torí bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n, ìlà náà á máa gbọ̀n. A páàkì. Èkejì tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ibi tó yẹ kí ìlà ti padà sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ńṣe ló gbéra bí òkè. Láti ibẹ̀ lọ, dókítà ń bi wá léèrè bá a ṣe ń lọ. Ṣé Bàbá ti ní àrùn rọpárọsẹ̀ rí? Ṣé wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn láìpẹ́? Ṣé wọ́n fi orí gbá nǹkan láìpẹ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Gbogbo ìbéèrè tí wọn ì bá bi wá lẹ́nu géètì, a ti dáhùn ẹ̀ tán nínú ọkọ̀.

Nígbà tá a dé, ẹni méjì ti gbé bẹ́ẹ̀dì onítáyà dúró síta dè wá. Kò sí ọ̀rọ̀ káàdì, kò sí bẹ́ǹṣì. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì ti wà nílẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi wọ Bàámi lára. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń bọ́ ọkàn, pé gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi dí, ẹran ọkàn ń kú lọ ni, èyí tó bá sì kú kì í jí mọ́.

Bàámi wà láyé. Wọ́n ń bá Ìyá mi jà lórí iyọ̀ ọbẹ̀.

Ọmọ Ìjerò tó wà ní ìlú òyìnbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká rírú ẹ̀ mọ́.

Iṣẹ́ áńbúláǹsì ni mò ń ṣe ní Ẹ́ńgíláǹdì níbí, ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe la máa ń ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tá a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tí àyà ń dùn, ó yẹ kí ECG ti jáde. Tí ìlà bá gbéra bẹ́ẹ̀, ọsibítù tó sún mọ́ wa jù kọ́ la ń lọ. Ibi tí wọ́n ti lè ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ọkàn, kí wọ́n fẹ́ fèrè kékeré bíi bàlúùnù níbẹ̀ láti là á, la ń kọrí sí. A ó ti pè wọ́n, a ó sì ti fi ìlà náà ránṣẹ́. Bó bá jẹ́ òru, àwọn dókítà lè wà nílé wọn. Bí àwa ṣe ń bọ̀ ni àwọn náà ń bọ̀. A kì í yà sí yàrá pàjáwìrì, tààrà ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, kó lè balẹ̀ lọ́kàn yín: bí wọn ò bá ní lè fi fèrè là á láàárín 120 ìṣẹ́jú sí ìgbà tí wọ́n rí ìlà yẹn, oògùn irú èyí tí wọ́n fún Bàbá ni ìlànà ní kí wọ́n lò, kí wọ́n sì tètè lò ó. Kì í ṣe ìtọ́jú tálákà.

Ọ̀rọ̀ fífi ìlà ọkàn ránṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun. Willem Einthoven, ará Nẹ́dálándì tó ṣe ẹ̀rọ ECG, fi wáyà tẹlifóònù gbé ìlà ọkàn àwọn aláìsàn láti ọsibítù dé yàrá iṣẹ́ rẹ̀ ní Leiden ní 1905, ó tó kìlómítà kan àbọ̀.  Ẹnì kan wà ní òdìkejì tó ń retí ohun tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́. Láìsí ẹni yẹn, fótò lásán ni.

Awakọ̀, Ọ̀mùò

Òótọ́ ni àbúrò wa sọ. Mo gbé ọkùnrin kan lóru, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ẹni tá a jọ wà nínú ọkọ̀ ya ECG, ó fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí wọ́n fún wa. Máàkì méjì wọlé. A gbà pé wọ́n ti rí i. A dé ibẹ̀, àṣé fóònù ọ̀hún wà lórí ṣájà nínú ọ́fíìsì tí wọ́n tì pa. Ká tó jí ẹni tó lè ka bébà, ọkùnrin náà ti dákẹ́. Ìyàwó ẹ̀ di bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀ kan mú, kò fi sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bí fótò bá ti lọ, mo máa ń ní kí wọ́n pè. Bí ẹnì kan ò bá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "mo ti rí i," a ò gbà pé wọ́n rí i. Ibòmíràn la ó pè.

Ìyá Ìbejì, Adó

Ti ìyá mi ò fi àyà dídùn bẹ̀rẹ̀ rárá. Alátọ̀gbẹ ni wọ́n. Èébì ni, àti kí èémí máa ká wọn lẹ́nu. ECG àkọ́kọ́ ò fi nǹkan kan hàn, mo ti ń dúpẹ́ pé ká máa lọ sílé. Dókítà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ló ní rárá, kí wọ́n tún ya òmíràn láìpẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó hàn. Ẹ jọ̀ọ́, bí ara èèyàn yín ò bá tíì balẹ̀, ẹ má jẹ́ kí bébà kan ṣoṣo lé yín lọ sílé, pàápàá bó bá jẹ́ obìnrin tàbí alátọ̀gbẹ.

Ọmọ Tíṣà, Ìkọ̀lé

Awakọ̀ wa, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka ti bàtà yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹnì kan bi mí bóyá bébà ECG Bàámi ṣì wà: ó wà, àmọ́ ó ti ń ṣá. Ooru ni ẹ̀rọ fi ń tẹ̀ ẹ́ bíi rìsíìtì báńkì, kò láyọ̀lé. Mo ti ṣe fọ́tókọ́pì mẹ́ta, torí dókítà yòówù tó bá tún yẹ Bàámi wò máa fẹ́ fi ìlà tuntun wé ti àtijọ́. Ọ̀kan wà nínú fáìlì ọsibítù, ọ̀kan wà nínú pọ́ọ̀sì Bàámi. Ìkẹta, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo kọ nọ́ńbà awakọ̀ àti ti nọ́ọ̀sì sábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà, kí Ìyá mi lè rí i láì wá gíláàsì.