Mo fẹ́ kan tírélà kékeré tí mo lè máa sùn sí lóko, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó sanwó irin

Ọmọ Ìgbógbo:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìgbógbo n'Ìkòròdú ni mò ń gbé àmọ́ mo ní ilẹ̀ oko lápá Ẹ̀jìnrìn lọ́hùn-ún, tí mo bá gba Ìtóìkín lọ láàárọ̀, kí n tó dé, kí n tó bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí n tó wo ibi tí wọ́n ro àti ibi tí wọ́n fò, ilẹ̀ ti ń ṣú, mi ò sì fẹ́ràn kí n máa wa mọ́tò padà lálẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Inú Hilux ni mo máa ń sùn, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ni mo bá rí àwọn tírélà kékeré kan lórí YouTube táwọn ará Australia àti South Africa máa ń fi jíípù fà wọ inú igbó, bẹ́ẹ̀dì wà nínú ẹ̀, ilé ìdáná á yọ láti ẹ̀yìn, wọ́n á na tapólì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó wù mí gan-an. Kí èèyàn kó irú ẹ̀ wọlé látòkè òkun, owó yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi, torí náà mo ti bá wẹ́dà kan sọ̀rọ̀ ládùúgbò.

Wẹ́dà yẹn ní òun máa ṣe é ní fíìtì mẹ́wàá sí márùn-ún, irin pẹlẹbẹ 3mm lòun máa fi bò ó yí ká kó lè lágbára, táǹkì omi àti jẹnẹrétọ̀ á wà lẹ́yìn pátápátá, ó tún ní òun máa gé àyè fún AC. Owó tó pè ò kéré. Ṣé axle tọ́kùnbọ̀ (irin ìdábùú tó so wíìlì méjèèjì pọ̀) ni kí n rà àbí kí wọ́n rọ tuntun? Kí ni kí n kọ́kọ́ rà sínú ẹ̀, kí ló lè dúró di ìgbà míì? Èmi nìkan ni mo máa ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà míì ìyàwó mi á tẹ̀ lé mi, ó sì ń wù wá ká gbé e lọ sétí òkun ní Badagry tó bá di Disẹ́ńbà. Ẹ ṣé o.

Baba Bísí:
Àbúrò, mi ò fẹ́ dà ọ́ láàmú o, ṣùgbọ́n owó tó o fẹ́ kó fún wẹ́dà yẹn, ṣé kò ní kọ́ yàrá kan sórí ilẹ̀ ẹ ni? Búlọ́ọ̀kù, páànù, ilẹ̀kùn kan, ó parí.

Ọmọ Ìgbógbo:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ Èkó. Ọjọ́ tí mo bá gbẹ́ fáńdéṣọ̀n làwọn ọmọ onílẹ̀ máa dé, tí mo bá mọ ọ́n dé lẹ́ńtù wọ́n á tún dé, tí mo bá fẹ́ kan páànù wọ́n á tún dé. Tírélà ò ní fáńdéṣọ̀n. Tí ariwo bá pọ̀, màá so ó mọ́ mọ́tò, ó dìgbà 😂

Baba Bísí:
Hahaha, o gbọ́n. Mo ti jókòó, mò ń gbọ́.

Ọ̀gá Wẹ́dà Odógunyàn:
Ọmọ Ìgbógbo, ẹ má tíì sanwó yẹn o. Iṣẹ́ irin ni mò ń ṣe, mo sì ti kan tírélà fún àwọn tó ń fi kó jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń fi gbé ọkọ̀ ojú omi, ìwúwo ló máa ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Irin pẹlẹbẹ 3mm, ṣíìtì kan tó jẹ́ fíìtì 8 sí 4, bíi kílò 70 ni. Àpótí tẹ́ ẹ sọ yẹn á jẹ tó ṣíìtì mẹ́fà, kílò 420 ti wọlé nìyẹn, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ chassis, ìyẹn férémù ìsàlẹ̀ tó gbé gbogbo ẹ̀ ró, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ axle, ẹ ò tíì gbé fómù síbẹ̀. Ṣíìtì alumíníọ̀mù 1.2mm tó tóbi bákan náà ò tó kílò 10. Chassis nìkan ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó nípọn, square pipe 50mm sí 50mm tó nípọn ní 3mm, agbára ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Tòkè, ẹ fi square pipe kékeré ṣe egungun ẹ̀, kẹ́ ẹ fi alumíníọ̀mù bo ìta, kẹ́ ẹ fi pláíwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo inú. Wẹ́dà tó ní òun fẹ́ fi 3mm bo gbogbo ẹ̀, mọ́tò tó ń kówó báńkì ló fẹ́ ṣe fún yín.

Ọ̀rọ̀ táǹkì omi àti jẹnẹrétọ̀ tó fẹ́ kó sẹ́yìn yẹn tiẹ̀ tún burú ju ti irin lọ. Lítà omi kan, kílò kan ni, táǹkì lítà 100 ti di kílò 100. Tí ẹ̀yìn bá wúwo ju iwájú lọ, á máa gbé ìdí Hilux sókè, tẹ́ ẹ bá wá sáré dé 80 lójú ọ̀nà Ìtóìkín, tírélà á bẹ̀rẹ̀ sí í jó sọ́tùn-ún jó sósì, ẹ tẹ bíréèkì lójijì, ó tún le sí i, àfi inú igbó. Nínú gbogbo ìwúwo ẹ̀, ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó jókòó sórí húùkù mọ́tò. Tí gbogbo ẹ̀ bá jẹ́ kílò 600, kílò 60 sí 90 nìyẹn. Ẹ kó gbogbo ẹrù tẹ́ ẹ máa gbé rìnrìn àjò sínú ẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wá òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ara nílé, ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, kẹ́ ẹ wá gbé ẹnu tírélà lé e lórí, kó ga tó bó ṣe máa ga lórí mọ́tò gan-an. Kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, mi ò mọ ìdí táwọn èèyàn kì í fi í ṣe é. Táǹkì omi, orí axle ni kó wà, tàbí kó lé síwájú díẹ̀.

Axle tọ́kùnbọ̀ ò burú tí kò bá ti tẹ̀. Owódé Onírin ò jìnnà sí yín, ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó mojú irin. Hub (ibi tí wọ́n ń de wíìlì mọ́) oníhò mẹ́fà tó máa gba wíìlì Hilux yín ni kẹ́ ẹ wá, kí táyà tírélà àti táyà mọ́tò jẹ́ ọ̀kan náà, kí spare kan ṣoṣo máa ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Torsion axle oníróbà tẹ́ ẹ máa rí lórí YouTube yẹn, ó rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ tó bá bàjẹ́ lọ́nà Ẹ̀jìnrìn, ta ló máa bá yín tún un ṣe? Spíríǹgì pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ lò, kò síbi tẹ́ ẹ máa dé tẹ́ ẹ ò ní rẹ́ni tó lè tò ó. Bíárìn, ẹ ra irú èyí táwọn tó ń ta páàtì ń tà lójoojúmọ́, ẹ di gíríísì sí i dáadáa, tẹ́ ẹ bá sì ti rìn díẹ̀ kẹ́ ẹ páàkì, kẹ́ ẹ fọwọ́ kan àárín wíìlì. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò séwu. Tọ́wọ́ yín ò bá lè dúró níbẹ̀, bíárìn ti ń kú lọ nìyẹn, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n ti fún un jù.

Ìyá Ẹja Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá. Èmi ò mọ tirin, ọ̀rọ̀ oorun ni mo wá sọ. Ẹ̀fọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà lọ́dọ̀ wa níbí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀fọn Ìkòròdú o. Fèrèsé méjì tó kọjú síra ni kẹ́ ẹ ṣe kí atẹ́gùn lè gba inú ẹ̀ kọjá, nẹ́ẹ̀tì lójú méjèèjì, kó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yọ fọ̀. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ní tiwa, kékeré báyìí ni, a máa ń gbé e lọ síbi tá a ti ń sin ẹja tá a bá fẹ́ kó ẹja, torí ìdájí la máa ń kó o kí oòrùn tó mú, kó lè dé ọjà Olúwo láàyè.

Bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀, tapólì ni. Tí òjò Júùnù àti Júláì bá bẹ̀rẹ̀, ẹ máa há sínú àpótí yẹn, ẹ ò lè dìde dúró, ẹ ò lè dáná, ẹ̀yin àti ìyàwó yín á wá máa wo ara yín lójú. Ẹ ra tapólì tó fẹ̀, òpó irin méjì, okùn, ẹ nà á láti orí òrùlé tírélà wá sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dagun kómi má bàa rogún sórí ẹ̀. Abẹ́ ẹ̀ la ti ń se ọbẹ̀, abẹ́ ẹ̀ la ti ń bọ́ bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Gáàsì kílò 3 tó wa, ìta ló sì ń sùn, kì í bá wa wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, tẹ́ ẹ bá máa gbé jẹnẹrétọ̀ rárá, ẹ má tàn án sílẹ̀ kẹ́ ẹ wá lọ sùn. Májèlé tó wà nínú èéfín ẹ̀ ò ní òórùn, ẹni tó ti sùn ò ní mọ̀ rárá. Gbogbo wa la ti gbọ́ irú ẹ̀ ládùúgbò.

Rewaya Sábó:
Ìyá Ẹja ti sọ̀rọ̀. AC yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀. Bátìrì lithium 12V tó jẹ́ 100Ah, gbogbo iná tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1,280Wh, ìyẹn iye wọ́ọ̀tì lọ́nà iye wákàtí. AC hp kan lè máa jẹ tó wọ́ọ̀tì 800, ẹ fúnra yín ẹ pín in, wákàtí kan àtààbọ̀ ó ti tán, bátìrì olówó gọbọi. Fáànù 12V kékeré tó ń jẹ wọ́ọ̀tì 15, tẹ́ ẹ bá tàn án fún wákàtí mẹ́wàá, 150Wh péré. Fáànù yẹn, gílóòbù LED méjì, ibi tẹ́ ẹ máa ti ṣáàjì fóònù, kò sóhun míì tẹ́ ẹ nílò fún ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ bátìrì olómi lẹ máa rà torí owó, ó dáa, àmọ́ ẹ má máa lò ó kọjá ìdajì tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Sólà 200W kan lórí òrùlé ti tó, tó bá dìgbà òjò ẹ má gbójú lé e púpọ̀.

Wáyà ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Tírélà máa ń gbọ̀n, gbogbo ibi tí wáyà bá ti gba ihò irin kọjá ni kẹ́ ẹ ti fi róbà sẹ́nu ihò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ irin á gé e díẹ̀díẹ̀ títí á fi gbiná. Fíúsì, ìdí bátìrì ni kó wà, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iná ẹ̀yìn, tíráfíkétọ̀ àti ti bíréèkì, ẹ fa wáyà earth tiẹ̀ (èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì) lọ́tọ̀ láti ara mọ́tò wá, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé húùkù á gbé earth, ìpẹtà àti gíríísì á wọ ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá ní kẹ́ ẹ yà sápá òsì gbogbo iná ẹ̀ á máa ṣẹ́jú.

Fíríìjì, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹ gbé kúlà, kẹ́ ẹ ra yìnyín l'Ẹ̀pẹ́.

Ìyá Ẹja Ẹ̀pẹ́:
Rewaya, yìnyín ọjà wa máa ń rùn ẹja o 😂 ẹ fi sínú nylon kẹ́ ẹ dì í lẹ́ẹ̀mejì.

Ará Àgbádárìgì:
Èmi ò gbà pẹ̀lú Rewaya lórí fíríìjì. Fún oko, kúlà tó. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Disẹ́ńbà, tẹ́ ẹ fẹ́ lo ọjọ́ bíi mélòó kan, oòrùn ń mú dáadáa nígbà yẹn, sólà 200W yẹn á gbé fíríìjì 12V kékeré, èyí tó ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ o, kì í ṣe àwọn yẹpẹrẹ tí wọ́n ń kì bọ ibi sìgá mọ́tò yẹn.

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú ẹ ò tíì mọ ohun tí iyọ̀ ń fi irin ṣe. Aládùúgbò mi kan ní tírélà tó fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi ẹ̀, á tì í wọnú omi, á fà á jáde, á lọ páàkì ẹ̀, kì í fọ̀ ọ́. Tẹ́ ẹ bá fi òòlù kan chassis ẹ̀ báyìí, ìpẹtà á máa já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Tẹ́ ẹ bá ti etí òkun dé, omi kànga ni kẹ́ ẹ fi fọ abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wẹ́dà lu ihò kéékèèké sísàlẹ̀ square pipe kómi tó bá wọnú ẹ̀ lè jò jáde. Alumíníọ̀mù tí ọ̀gá wẹ́dà sọ dára, àmọ́ kó má fara kan irin ní tààrà, torí tómi iyọ̀ bá ti wà láàárín àwọn méjèèjì alumíníọ̀mù ló máa jẹ. Ẹ kun irin dáadáa, kẹ́ ẹ fi róbà sáàárín wọn.

Nínú yanrìn, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn táyà wálẹ̀ sí bíi 18 psi, tírélà àti mọ́tò, táyà á tẹ́ gbẹrẹ, kò ní máa gbẹ́lẹ̀. Ẹ gbé pọ́ọ̀ǹpù tó ń lo bátìrì mọ́tò dání, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi táyà yẹn sáré lójú títì, fọ́kanáísà ò sì sí létí òkun. Ẹ má páàkì sábẹ́ igi àgbọn o! Òjìji ẹ̀ ló máa ń tan àwọn àlejò, ẹyọ kan tó bá já lu òrùlé alumíníọ̀mù yẹn, ká má tiẹ̀ sọ orí èèyàn.

Àti pé láti Agbára dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà bọ́dà ni, wọ́n máa dá yín dúró dáadáa. Ohun tí wọn ò rí rí lẹ máa fà dé iwájú wọn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ ṣí i. Ẹ tọ́jú rìsíìtì irin àti ti axle, kẹ́ ẹ sì lọ béèrè ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe ìwé mọ́tò kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ìgbógbo:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti padà lọ bá wẹ́dà, inú ẹ̀ ò kọ́kọ́ dùn, ó ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni, àmọ́ nígbà tí mo ṣírò kílò 420 yẹn síwájú ẹ̀ ó dákẹ́. AC ti lọ, jẹnẹrétọ̀ ti lọ, fíìtì mẹ́jọ sí mẹ́rin àtààbọ̀ la máa ṣe báyìí. Omi, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì lórí axle. Ó ku bíréèkì, ṣé dandan ni kó ní tiẹ̀? Àti rìfáàsì, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí.

Ọ̀gá Wẹ́dà Odógunyàn:
Ẹ ò rí i. Ní Yúróòpù, tírélà tí òun àti ẹrù inú ẹ̀ ò bá ju kílò 750 lọ, wọn ò fi dandan lé e pé kó ní bíréèkì. Ẹ rí i pé tiyín ò dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù kẹ́ ẹ lè mọ̀ dájú, kẹ́ ẹ sì tún jẹ́ kí àyè wà láàárín ẹ̀yin àti mọ́tò iwájú torí Hilux nìkan ló máa dá gbogbo ẹ̀ dúró. Ṣéènì méjì ni kẹ́ ẹ so mọ́ ọn, kí wọ́n gbé ara wọn kọjá lábẹ́ ẹnu tírélà, kó lè jẹ́ pé tí húùkù bá já, orí ṣéènì ló máa jókòó sí, kò ní gúnlẹ̀.

Rìfáàsì, ẹ ní kó jẹ́ kí irin iwájú tó so ó mọ́ mọ́tò gùn díẹ̀, èyí tó bá kúrú jù máa ń yára ṣẹ́rí. Ẹ wá pápá kan tó ṣófo láàárọ̀ Sunday, ẹ di ìsàlẹ̀ sítíárìn mú, ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ìdí tírélà lọ ni kẹ́ ẹ gbé ọwọ́ yẹn lọ, díẹ̀díẹ̀, tó bá ti ń ká jù kẹ́ ẹ fà á síwájú kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kó tó kun ọ̀dà sí chassis yẹn o, ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó jó kẹ́ ẹ gbé e síbí, ní pàtàkì ibi tí spíríǹgì ti so mọ́ irin, kí n wò ó.