Ṣé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè lo oògùn ale?

Ọmọ Ìkéré

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí ní Ìkéré-Èkìtì, mo sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń rí i pé bí ọkàn mi bá tilẹ̀ fà sí ìyàwó mi, ara kì í dáhùn bó ṣe yẹ mọ́, bó bá sì dáhùn, kì í pẹ́ tó fi ń rọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò lójoojúmọ́, èyí tó máa ń mú mi tọ̀ léraléra. Ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ kan tó fi àgúnmu hàn mí, èèpo igi tí wọ́n gún pọ̀ mọ́ ẹ̀ẹ̀rù àti ìyèré. Ìyá náà ní kí n máa fi ẹ̀kọ gbígbóná mu ún, ọ̀rẹ́ mi ní ògógóró ló dára jù. N kò tíì fi kàn ẹnu. Nínú àwọn ewé àti egbò tí àwọn baba wa ń lò, èwo ni ẹni bíi tèmi lè lò láìséwu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Baba Oníṣègùn, Ìjerò-Èkìtì

Tíṣà, ẹ kú ìfaradà. Kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, àwọn tó ń bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́lẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń sọ ọ́ síta lọ. Ohun tí a ń lò fún ale pọ̀, agbára wọn kò sì dọ́gba. Òfìò, orógbó àti aáyù, oúnjẹ ni wọ́n. Ẹni tó bá ń jẹ wọ́n níwọ̀nba kò ṣe ohun àjèjì. Orin Ìjẹ̀bú náà wà, tí àwọn àgbà máa ń rún láàárọ̀ tí wọ́n sì ń gbé omi rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n bí èèpo igi inú àgúnmu yẹn bá jẹ́ ìdágbọ̀n, èyí tí àwọn Haúsá ń pè ní burantashi, ẹ má fọwọ́ kàn án. Èmi kì í fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, nítorí àyà onítọ̀hún yóò máa lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Èyí tí wọ́n sì ń dà sínú ìgò pẹ̀lú ògógóró ní ibùdókọ̀, tí wọ́n ń pè ní paraga, ẹni tó pò ó gan-an kì í lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀ tán. Àwọn kan yóò sọ fún yín pé jẹ̀díjẹ̀dí ló fà á. Èmi kì í yára sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni ọjọ́ orí yín.

Apoògùn Adó

Òótọ́ ni Baba sọ nípa ìdágbọ̀n. Yohimbine ni èròjà tó wà nínú èèpo rẹ̀, ó sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sí i.

Ewu kejì kò sí nínú ewé rárá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí sildenafil, ìyẹn Viagra, ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1998 ni àwọn oníjìbìtì ti rí ohun tí wọn yóò máa lọ̀ mọ́ àgúnmu tí wọ́n ń pè ní ewé lásán. Bí ẹ bá mu ohun kan tí ara sì le koko láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ẹ fura. Bí irú rẹ̀ bá pàdé isosorbide tí wọ́n ń fún àwọn tí àyà ń dùn, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún lè já wálẹ̀ débi tí yóò fi kú. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ìgò tàn yín. Ọ̀pọ̀ irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí lára pé àjọ náà kò tíì yẹ ìlérí iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Ìlọrin fi bakin gagai, ewéko kan tí wọ́n tún ń lò fún ale, tí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ onímọ̀ ewéko ń jẹ́ Fadogia agrestis, dán eku wò, àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005 sì fi hàn pé akọ eku túbọ̀ ń gun abo. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn sí ìyẹn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, tó fi hàn pé ó lè ṣe kórópọ̀n àti ẹ̀dọ̀ eku ní jàǹbá, kì í dé etí ẹni tó ń rà á.

Ẹ dákun, Tíṣà, ẹ dá mi lóhùn: ṣé ó ṣì máa ń dìde fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́? Bí ó bá ń dìde, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àníyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí kò bá dìde, iṣan ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ ṣúgà tàbí oògùn tí ẹ ń lò ni kí a kọ́kọ́ wò. Oògùn tó ń mú ènìyàn tọ̀ wà lára àwọn tó lè fa irú èyí, atenolol àti propranolol, tí wọ́n tún ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, náà sì wà níbẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín o. Ẹ sọ fún dókítà, ó lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n wa, ṣé ìyàwó yín gbọ́ sí i? Bí ọkùnrin bá dákẹ́, ohun tí obìnrin máa ń rò ni pé ó ti ní ẹlòmíràn níta. Nígbà tí ọkọ mi sọ ọ́ fún mi ni ọkàn mi tó balẹ̀, àwa méjèèjì la sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀.

Ọmọ Ìkéré

Mo dúpẹ́ gan-an. Apoògùn, kì í dìde láàárọ̀ mọ́, n kò sì tíì yẹ ṣúgà wò rí. N ó sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n omi òfìò tí wọ́n lọ̀ mọ́ dábínù àti àgbọn, ṣé mo lè máa mu ún?

Apoògùn Adó

Ẹ mú dábínù kúrò níbẹ̀ ná, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ṣúgà láàárọ̀ ní ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Tí wọ́n bá rí 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò tún un ṣe kí wọ́n tó sọ pé ìtọ̀ ṣúgà ni. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ má jẹ ohunkóhun fún wákàtí mẹ́jọ ó kéré tán. Omi lásán nìkan ni kí ẹ mu.