Lillian Wald àti àwọn nọ́ọ̀sì Henry Street: báwo ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ gan-an?

AbẹÒrombó
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá mọ̀ nípa Lillian Wald, obìnrin Júù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àdúgbò ní New York, kó bá wa dá sí i. Oríkì rẹ̀ kọ́ la fẹ́ gbọ́. Ta ló ń sanwó? Kí ni nọ́ọ̀sì ń ṣe tó bá wọlé aláìsàn? Báwo ni ohun tí wọ́n rí nínú ilé ṣe di òfin?

Ìyá Nọ́ọ̀sì
Ẹ jẹ́ ká mú un láti 1893. Wald ti parí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1891. Ó ń kọ́ àwọn obìnrin àtìpó ní Lower East Side bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aláìsàn nílé, àdúgbò tí àwọn Júù láti ìlà-oòrùn Yúróòpù kún fọ́fọ́. Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ lọ́wọ́ ni ọmọdébìnrin kan wọlé pé kó wá wo ìyá òun. Ìyá ìkókó ni, ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára rẹ̀, dókítà sì ti pa á tì torí kò rówó san. Wald wẹ ìyá náà, ó pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, ó fọ ilẹ̀ yàrá. Kò pẹ́ tí òun àti Mary Brewster, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ rẹ̀, fi kó lọ gbé àdúgbò yẹn. Ibẹ̀ ni kókó wà. Wọn kì í ṣe àlejò tó ń ti òkè odò wá kí aláìní, aládùúgbò ni wọ́n. Ẹni tó bá ń wá nọ́ọ̀sì á kan ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, kò dìgbà tí dókítà bá rán an.

Òkè-Àdó
Ta ló wá ń bọ́ wọn?

Bàbá Onítàn
Betty Loeb àti Jacob Schiff, olówó báńkì, Júù ni àwọn méjèèjì. Schiff ló ra ilé 265 Henry Street fún wọn ní 1895, ibẹ̀ ni orúkọ tí à ń pè wọ́n ti jáde. Kò fẹ́ kí wọ́n máa pariwo orúkọ òun, àmọ́ ó ń béèrè ìròyìn. Wald ń kọ lẹ́tà sí i lóṣooṣù: ilé tí wọ́n wọ̀, àìsàn tí wọ́n bá níbẹ̀, ohun tí wọ́n fún wọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ di ìròyìn yẹn mú. Òun ló jẹ́ kí owó náà máa wá lọ́dọọdún.

Ìyá Nọ́ọ̀sì
Aláìsàn náà ń san díẹ̀ o. Sẹ́ǹtì 10 sí 25 fún ẹni tó bá ní. Ẹni tí kò ní kò san nǹkan kan.

Àṣàbí Elérò
Èyí kò yé mi. Ẹni tó ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ènìyàn méje lẹ gba sẹ́ǹtì 10 lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé òdodo nìyẹn?

Ìyá Nọ́ọ̀sì
Àbúrò mi, ìdí rẹ̀ nìyí. Àwọn ènìyàn yẹn kórìíra kí wọ́n máa tọrọ. Nígbà náà, tó o bá fẹ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú á kọ́kọ́ wádìí rẹ tinú-tòde. Sẹ́ǹtì 10 yìí kò tó owó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì rárá, ẹni tó san án kàn mọ̀ pé òun pe nọ́ọ̀sì bí olówó ṣe ń pè é ni.

Àṣàbí Elérò
Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú ń tì láti sọ pé òun ò ní ńkọ́? Ó lè máà pè yín rárá.

Ìyá Nọ́ọ̀sì
Òótọ́ ni. Ìdí tí gbígbé àdúgbò fi ṣe pàtàkì nìyẹn. Ọmọ tàbí aládùúgbò ló sábà máa ń wá pè wọ́n, kì í ṣe aláìsàn.

Fẹ́mi Alájà
Ẹ má gbàgbé àtẹ̀gùn! Ilé alájà márùn-ún sí mẹ́fà, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Tí nọ́ọ̀sì bá parí ní àjà òkè, kì í sọ̀ kalẹ̀ kó tún gun ilé kejì. Orí òrùlé ló ń gbà kọjá sí ilé tó kàn, pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́. Fọ́tò rẹ̀ wà.

Bàbá Onítàn
Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti ilé-ìwé. Láti 1897 ni dókítà ìjọba ti ń yẹ àwọn ọmọ wò nílé-ìwé. Ẹni tó bá ní làpálàpá, iná orí tàbí àrùn ojú trachoma, wọ́n á lé e padà sílé. Ó parí. Kò sẹ́ni tó máa tọ́jú rẹ̀. Ọmọ náà á sì máa bá àwọn tó kù ṣeré ní òpópónà tí ilé-ìwé bá ti parí, àrùn náà á máa ràn. Wald mọ ọmọkùnrin ọdún 12 kan tí kò tíì kàwé rí torí egbò orí. Ó fi ìpara tọ́jú rẹ̀, ọmọ náà wọlé ìwé.

Ní 1902 ó wá lọ bá ìjọba ìlú pé òun á yá wọn ní nọ́ọ̀sì kan fún oṣù kan, lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ gba ìlérí lẹ́nu wọn: tí iṣẹ́ náà bá dáa, kí wọ́n gbìyànjú kí owó nọ́ọ̀sì ti àpò ìlú wá. Lina Rogers ló rán, ilé-ìwé mẹ́rin. Èyí tí kò le, ó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, ó dá ọmọ padà sí kíláàsì. Èyí tó le, ó tẹ̀lé e délé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é lójú ìyá ọmọ kí ìyá lè máa bá a lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 1902, ọmọ 10,567 ni wọ́n lé sílé. Ní oṣù kẹsàn-án 1903, 1,101.

Òkè-Àdó
Há! Ìlérí yẹn ni ọgbọ́n gan-an.

Àṣàbí Elérò
Ó wù mí gan-an ni. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọ̀fẹ́ láì kọ́kọ́ gba ìlérí, wọ́n á ṣe é títí ọwọ́ á fi ró, ìjọba á sì jókòó máa wò wọ́n.

Tàlàbí
Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ kòkòrò òwú gba iléeṣẹ́ ìjọba fún àwọn ọmọdé (Children's Bureau) náà nìyí. Florence Kelley, obìnrin tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ àti ọmọdé, ń gbé Henry Street láti 1899. Ní 1903 òun àti Wald kà á nínú ìwé ìròyìn pé mínísítà ètò ọ̀gbìn ń lọ sí ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè wọn torí kòkòrò tó ń jẹ òwú. Wald ní bí ìjọba bá lè rìnrìn àjò nítorí òwú, ó yẹ kó ní iléeṣẹ́ kan fún àwọn ọmọ tó ń kú. Ààrẹ Roosevelt ní kí wọ́n wá bá òun sọ ọ́. Síbẹ̀, 1912 ni Ààrẹ Taft tó buwọ́ lu òfin tó dá iléeṣẹ́ náà sílẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án gbáko, wọ́n sì fi Julia Lathrop ṣe olórí rẹ̀.

Alùfáà-kékeré
Mo fẹ́ béèrè: ṣé nítorí ẹ̀sìn Júù ló ṣe ń ṣe é? Mo gbọ́ pé kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé ìlànà ẹ̀sìn.

Bàbá Onítàn
Kò tẹ̀lé e tó bẹ́ẹ̀. Henry Street kò sì yan ẹ̀sìn kankan, wọ́n gba Júù, gba Kátólíìkì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń náwó sí i mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọ̀rọ̀ Hébérù fún owó tí à ń fún aláìní ni tzedakah, inú òdodo ló sì ti jáde. Ẹ̀tọ́ aláìní ni, ojú àánú kọ́ ni wọ́n fi ń wò ó.

Alùfáà-kékeré
Hannah Solomon ni èmi á fi ṣàpẹẹrẹ, tó bá jẹ́ ti Júù ni. 1893 náà ni, ní Chicago. Àwọn ọkùnrin ní kí òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ wá gba àlejò níbi àpérò ẹ̀sìn, láì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ̀, wọ́n ṣe ti wọn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ National Council of Jewish Women sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ló ń rán obìnrin nígbà náà lọ sí Ellis Island, erékùṣù tí àwọn àtìpó ń gbà wọ New York, láti pàdé àwọn ọmọbìnrin tó dá wá, kí wọ́n má bàa kó sọ́wọ́ àwọn olówò aṣẹ́wó.

Tàlàbí
Ẹ padà sí Henry Street, ẹ jọ̀ọ́. Ti àwọn aláwọ̀ dúdú ńkọ́?

Ìyá Nọ́ọ̀sì
Wald wà lára àwọn tó fọwọ́ sí ìpè àpérò 1909 tó bí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ilé rẹ̀ ló sì ti gba àwọn àlejò àpérò náà, funfun àti dúdú pa pọ̀. Àyè ìjókòó kò tó, ni wọ́n bá jẹun lóòró. Kí ó tó dìgbà yẹn, ní 1906, ó ti gba Elizabeth Tyler, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú.

Àṣàbí Elérò
Ṣé àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan ni wọ́n rán an sí?

Ìyá Nọ́ọ̀sì
Àárín wọn ló ti ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀, ní San Juan Hill, ní ìwọ̀-oòrùn Manhattan. Ìpínyà àwọ̀ ìgbà yẹn wà nínú ẹ̀, mi ò ní bò ó. Nígbà tó débẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Kò jókòó dúró: ó lọ bá àwọn tó ń ṣọ́ ilé ayálégbé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bá wọn dọ́rẹ̀ẹ́, ó sì bi wọ́n pé yàrá wo ni aláìsàn wà.