Ẹṣin tì mí kan ọgbà: ṣé kí n padà lọ?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. England ni mo wà, àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú. "Rárá" kì í jáde lẹ́nu mi. Bí ọ̀gá bá ní kí n fi iṣẹ́ alẹ́ lé tọ̀sán, màá ṣe é. Bí bùrọ̀dá mi bá pè láti ilé pé owó ilé-ìwé ọmọ kò pé, màá yáwó ránṣẹ́.

Olùdámọ̀ràn mi ní kí n lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹṣin ṣe ìtọ́jú ọkàn. A kì í gùn ún o. Mo kàn dúró láàárín pápá ni. Ẹṣin náà rìn wá, ó ń fi èjìká tì mí, èmi náà ń sún, títí ẹ̀yìn mi fi kan igi ọgbà. Obìnrin tó ń darí wa bi mí pé: "Ta lo tún máa ń sún fún báyìí?" Mo bú sẹ́kún. Ṣé kí n padà lọ, àbí owó ni mò ń fi ṣòfò?

Ọmọ Ìlọrin: Ìdí ẹṣin ni mo dàgbà sí. Kò kórìíra yín. Ó ń wò ó bóyá ẹ ó sún ni. Ẹ má pariwo, ẹ má nà án. Ẹ fẹsẹ̀ múlẹ̀, kí ẹ gbọ́wọ́ sókè. Bó bá ti dúró, ẹ tètè sọ ọwọ́ kalẹ̀, ìsinmi yẹn ni èrè rẹ̀. Bó bá da etí délẹ̀ sẹ́yìn, ẹ yàgò. Ẹ má sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, kò ríbẹ̀.

Bàbá Ìbejì: Àyà níní ni ẹ wá ń lọ kọ́ lọ́dọ̀ ẹṣin? Ẹ fowó yẹn ránṣẹ́ sí bùrọ̀dá yín! (Mò ń ṣeré ni o.)

Nọ́ọ̀sì Houston: Ní Amẹ́ríkà níbí, ọdún 1999 ni wọ́n dá EAGALA sílẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹṣin ṣe irú ìtọ́jú yìí. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn àti ẹni tó mọ ẹṣin gbọ́dọ̀ jọ wà nípápá. Ẹ bèèrè ìwé ẹ̀rí àwọn méjèèjì. Ìwádìí lórí ẹ̀ kò tíì pọ̀, nítorí náà ẹ má fi olùdámọ̀ràn yín sílẹ̀. Ní ti bùrọ̀dá, ẹ ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdajì ni agbára mi ká." Kí ẹ sì dákẹ́. Àlàyé rẹpẹtẹ ló máa ń ba tiwa jẹ́.

Ẹni tó béèrè: Mo padà lọ ní Sátidé. Ìgbà kẹta tí mo gbọ́wọ́ sókè ni ẹṣin dúró, ó mí hùù, ó tẹrí ba. Bùrọ̀dá pè lọ́jọ́ kejì. Mo sọ ọ́ bí Nọ́ọ̀sì ti wí, mo dákẹ́. Àwọn náà dákẹ́, wọ́n wá ní: "Ta ló ń kọ́ ẹ?" Mi ò lè sọ pé ẹṣin ni.